Ọ̀rọ̀ Fóònù Wo Ni Ó Gbòde? Ohun Tí Ìlà Google Ń Wí àti Ohun Tí Kò Wí

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 2021, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà, tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta kan tí ó jẹ́ pé ẹnu àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ni ó máa ń wà tẹ́lẹ̀ ṣàdédé di ohun tí tọmọdé tàgbà ń tẹ̀ sínú Google. VPN ni ọ̀rọ̀ náà. Ètò kan ni tí ń mú ènìyàn gba ẹ̀yìnkùlé dé ibi tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ojúde mọ́ ọn, nítorí pé ó ń mú kí fóònù tí ó wà ní Adó-Èkìtì dà bí èyí tí ń pè láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí láti Amsterdam. Bí a bá ṣí ojú-ìwé tí à ń pè ní Google Trends lónìí, tí a tẹ VPN, tí a sì yan Nàìjíríà, a ó rí i bí ìlà ọ̀rọ̀ náà ti ń rákò nílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, àti bí ó ti ta gòkè lójijì ní ọ̀sẹ̀ náà. Kí ìjọba tó tún ṣí Twitter ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022, ìlà náà ti sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò lo VPN mọ́ ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní in lórí fóònù wọn, ẹni tí nǹkan bá sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í wá a kiri.

Google Trends yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó ti di àṣà láàrin àwọn oníròyìn, àwọn olùpolówó ọjà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ àpilẹ̀kọ ìkẹyìn ní yunifásítì, kí wọ́n gbé ìlà méjì tàbí mẹ́ta ka iwájú ènìyàn, kí wọ́n sì kéde pé ọ̀rọ̀ báyìí ti borí ọ̀rọ̀ báyìí, bí ẹni pé ìlú ti dìbò tí wọ́n sì ti ka ìbò náà tán. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006 ni Google ṣí i sílẹ̀ fún aráyé, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2004. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tí fóònù rẹ̀ bá ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lè wọ ibẹ̀, kí ó tẹ ọ̀rọ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí dé márùn-ún, kí ó yan orílẹ̀-èdè tàbí ìpínlẹ̀ tí ó wù ú, kí ó sì máa wo bí ìlà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ láti ọdún dé ọdún. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ni àwọn baba wa wí. Iye ìgbà tí àwọn ènìyàn béèrè ọ̀nà ni Google Trends ń kà, kò mọ̀ bóyá ẹni tí ó béèrè dé ibi tí ó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ka ẹni tí ó ti mọ̀nà láti ilé wá mọ́ ọn.

Kíkà náà kì í sì í ṣe irú èyí tí à ń fi ọmọ-ìka kà. Ìgbà tí wíwá ọ̀rọ̀ kan bá pọ̀ jù lọ láàrin àkókò tí a yàn ni Google ń pè ní 100, gbogbo ìgbà yòókù ni ó sì ń fi wé e, débi pé 50 jẹ́ ìdajì téńté yẹn, tí 0 sì jẹ́ pé àwọn tí ó wá ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí à ń kà sí, kì í ṣe pé ẹ̀dá alààyè kan kò wá a. Lẹ́yìn èyí, ìpín ni ó ń wò, kì í ṣe iye orí. Ká ní obìnrin ẹgbẹ̀rún kan wọ Ọjà Ọba ní Adó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ọgọ́rùn-ún nínú wọn béèrè iṣu, tí ogún obìnrin péré sì ná ọjà abúlé kan lẹ́yìn Ìgèdè, tí mẹ́wàá nínú wọn béèrè iṣu: bí a bá ń ka orí, Adó ni wọ́n ti béèrè iṣu jù, bí ó bá jẹ́ ìpín ni à ń wò, ọjà abúlé ni, nítorí pé ìdajì àwọn tí ó wá síbẹ̀ ni iṣu gbé wá, nígbà tí ti Adó kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Bí Google ti ń ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Ìdí sì nìyẹn tí Èkìtì, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, fi lè yọrí ju Èkó lọ lórí àwòrán ilẹ̀ Google fún ọ̀rọ̀ kan, tí ọmọ Èkìtì kan yóò sì máa yangàn pé àwa ni a lajú jù, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó wá ọ̀rọ̀ kan náà ní Èkó láàrin wákàtí kan lè ju àwọn tí ó wá a ní gbogbo Èkìtì láàrin oṣù kan lọ.

Google kò tilẹ̀ ka gbogbo ohun tí a tẹ̀. Díẹ̀ ni ó ń bù nínú ọ̀pọ̀, ó sì ń yọ ti ẹni tí ó bá ń tẹ ọ̀rọ̀ kan náà léraléra láàrin ìgbà kúkúrú kúrò. Níbi tí àwọn olùwá ti pọ̀ bí omi òkun, bíbù yìí kò ba nǹkankan jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yan Èkìtì nìkan, tí a sì tẹ ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀, irú eSIM, ìlà rẹ̀ yóò máa fò láti 0 dé 100, yóò tún já bọ́ sí 0, bí a bá sì tún un wò lọ́la, ó lè má rí bákan náà mọ́. Ẹni tí ó bá fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ jiyàn, orí iyanrìn ni ó kọ́lé sí.

Àkọsílẹ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004 kò lè ròyìn ariwo tí ó gba ilẹ̀ yìí kan ní 2001, ọdún tí NCC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, tí àwọn tí ó jáwé olúborí gbà láti san mílíọ̀nù 285 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí Econet àti MTN sì bẹ̀rẹ̀ sí í tajà fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kẹjọ. Ẹni tí ó bá ra síìmù nígbà náà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó kà sílẹ̀. 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan, bí ènìyàn bá sì sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, owó ìṣẹ́jú náà ni yóò san pé, títí Glo fi dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003 tí ó ní ìṣẹ́jú àáyá ni òun yóò máa fi gbowó. Econet yẹn kan náà ni ó sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi Google Trends tọpa ìtàn: ní 2004 ó di Vodacom fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, ó di Vmobile, ó di Celtel ní 2006, ó di Zain ní 2008, ó sì di Airtel ní 2010. Orúkọ mẹ́fà fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ márùn-ún péré ni Google gbà kí a fi wéra lẹ́ẹ̀kan! Àjèjì tí kò mọ ìtàn yóò rí ibi tí ìlà Celtel kú sí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà ti wọko gbèsè, nígbà tí nọ́ńbà 0802 tí wọ́n tà fún ìyá àgbà ní ọjọ́ kìn-ín-ní ṣì ń dún nínú àpò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù lójú tèmi ni ti àwọn ìran nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 2G, 3G, 4G àti 5G. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ NCC, nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ, ju ìdajì gbogbo síìmù tí ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ni ó ṣì wà lórí 2G, ìran àgbà tí ó wọlé ní 2001, èyí tí ó wà lórí 5G kò sì tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bí a bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sórí Google Trends, 2G yìí kan náà ni yóò máa wọ́ lẹ̀ lẹ́yìn àwọn àbúrò rẹ̀. Ta ni yóò jókòó máa wá 2G? Ẹni tí ń lò ó kò mọ̀ pé 2G ni orúkọ ohun tí òun ń lò. Ohun tí ó mọ̀ ni pé òun tẹ nọ́ńbà, ó sì wọlé.

Ìlà 5G ní tirẹ̀ ta kánkán lókè ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé kálukú mọ́lé, tí àhesọ sì ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn pé òpó 5G ni ó ń tan àrùn náà ká. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dáná sun òpó fóònù lọ́tùn-ún lósì. Nílé níbí, NCC ní láti jáde wí fún aráyé pé kò sí 5G kankan ní Nàìjíríà, pé àyẹ̀wò tí MTN bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ti wá sópin. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n tó ta ìwé àṣẹ rẹ̀ ní gbàǹjo, tí MTN àti Mafab gbà á ní mílíọ̀nù 273.6 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì di 2022 kí MTN tó tan án fún ará ìlú. Nígbà tí 5G kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ yìí ni orúkọ rẹ̀ ń jà ràìn-ràìn nínú Google. Ìbẹ̀rù ni ó gbé ìlà náà sókè, kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà kò ní ohùn, ẹni tí ń kígbe pé “ẹ gbà mí o” àti ẹni tí ń kígbe pé “mo ti rà á o”, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀, ọlọ́gbọ́n tí ó bá sì wo ìlà náà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè yóò búra pé ara àwọn ọmọ Nàìjíríà ń yá gágá sí 5G ní ọdún náà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 yẹn kan náà, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Adó tí ó kan fóònù ọmọ Èkìtì ju 5G lọ, tí ó sì jẹ́ irú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í jí lóru láti wá: Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí gé owó tí ilé-iṣẹ́ ń san fún ìjọba ìpínlẹ̀ kí ó tó lè gbẹ́ ẹ̀bá títì láti ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, ó gé e láti 4,500 náírà wá sí 145 náírà lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Láti inú irú wáyà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òpó ti ń rí dátà tí ó ń pín fún fóònù. Bí wáyà kò bá dé ìlú, 4G ìlú náà lè má kọjá orí páálí ìpolówó lásán.

Ìtàn fóònù BlackBerry kò jọ ti 5G, nítorí pé ìfẹ́ ni ó gbé ìlà tirẹ̀ ga, ìfẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ àìsàn. Ní bí 2011 sí 2013, kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Adó, ì báà ṣe ti Poli tàbí ti yunifásítì, tí kò mọ ohun tí à ń pè ní PIN, nọ́ńbà tí a fi ń rí ara ẹni lórí BBM, ètò ìfiránṣẹ́ BlackBerry. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kì í béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ọmọge mọ́, PIN ni wọ́n ń béèrè, tí ẹni tí kò ní BB bá sì wà láàrin ẹgbẹ́, ńṣe ni yóò máa fọwọ́ bo fóònù tirẹ̀ nínú àpò. Wọ́n tilẹ̀ ṣe fíìmù kan tí wọ́n pè ní BlackBerry Babes. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Fóònù Android tí owó rẹ̀ kò pọ̀, Tecno, Infinix àti itel, tí ilé-iṣẹ́ Transsion láti Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú ṣọ́ọ̀bù, WhatsApp sì ń ṣe fún gbogbo oríṣi fóònù ohun tí BBM ń ṣe fún oríṣi kan. Àwọn ará Kánádà tí ó ni BlackBerry ṣí BBM fún Android àti iPhone ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. BBM ti ará ìlú kógbá sílé ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, BlackBerry sì yọwọ́ kúrò lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ̀ pátápátá ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní ti BlackBerry, ìlà àti ọjà jọ rìn ni, mo sì gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ohun tuntun tí a ń fowó rà nítorí afẹ́, Google Trends jẹ́ ẹlẹ́rìí tí a lè gbà gbọ́ dé àyè kan. Ti Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tí ń ti orí sátẹ́láìtì wá, tún fi ibi tí àyè náà mọ hàn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 tí ó ti dé Nàìjíríà, orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ènìyàn, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó ń lò ó ní 2024 kò tó ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, nígbà tí síìmù MTN nìkan ju mílíọ̀nù 70 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sí Fájuyì, àdúgbò tí ń jẹ́ orúkọ akọni ọmọ Adó Ewì, Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwọn sójà pa pọ̀ mọ́ àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966. Lábẹ́ agboòrùn ńlá kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sídìí àpótí onígíláàsì, fóònù tí ó ti tú palẹ̀ wà níwájú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni ó fi ń nu inú rẹ̀ láti gbá eruku kúrò. Ìyá àgbàlagbà kan na fóònù onítọ́ọ̀ṣì sí i.

“Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n tún ti jẹ owó mi.”

“Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jẹ́ kí n wo bálánsì yín.” Ó tẹ *310#, ó sì dúró díẹ̀. “Kò sí ẹni tí ó jẹ ẹ́, Mà. Káàdì tí ẹ yá lọ́jọ́sí ni wọ́n yọ.”

“Èmi! Èmi yá káàdì? Lọ́wọ́ ta ni?”

“Ọmọ-ọmọ yín ni yóò ti tẹ̀ ẹ́, Mà.”

Ìyá náà wo fóònù, ó wo ojú ọ̀dọ́mọkùnrin, ó sì bú sẹ́rìn-ín pé òun mọ èyí tí ó jẹ́ nínú wọn.

Nínú gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ó kan Google. *310# kì í gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, káàdì yíyá kì í gba ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà kò sí nínú ìdá kankan tí Google ń pín. Ohun tí ẹ ó sì máa gbọ́ ní Fájuyì láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni káàdì, dátà, ṣájà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dúró, síkírìn tí ó fọ́, fóònù tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kò gba iná mọ́. Ẹni tí ó bá tilẹ̀ ní Google lọ́wọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń béèrè. Bí ẹ bá tẹ “fóònù alágbèéká” pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ tí ó pé, ẹ má ṣe retí pé ìlà kan yóò dìde kí yín.

Orúkọ Fájuyì fúnra rẹ̀ sì lè fi ọ̀fìn kan hàn wá. Ẹni tí ó bá tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú Google lè máa wá akọni náà, ó lè máa wá àdúgbò tàbí ọgbà ìrántí tí ó wà ní Adó, ó lè jẹ́ òpópónà Fájuyì ní Ìbàdàn ni ó sọnù sí, ó sì lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí wọ́n fún ní bẹ́ẹ̀dì ní ilé-gbígbé Fájuyì ní Ifẹ̀. Gbogbo wọn ni Google Trends yóò rọ́ sínú ìlà kan, àfi bí a bá yan ohun tí ó ń pè ní kókó dípò ọ̀rọ̀ lásán. Kókó ni ó ń kó onírúurú ọ̀nà tí a gbà ń pe nǹkan kan jọ, ìkọkúkọ sì wà nínú wọn, tí ó sì ń ya nǹkan náà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ. Bí ọ̀ràn ti rí fún Apple tí ó jẹ́ èso, tí ó tún jẹ́ ilé-iṣẹ́, nìyẹn, àti fún Zain, tí ó jẹ́ orúkọ ènìyàn káàkiri ilẹ̀ Lárúbáwá. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ wé kókó lórí ìlà kan ti fi ẹsẹ̀ bàtà wé bàtà méjì.

Nígbà mìíràn, àṣẹ ìjọba tàbí ìdààmú ọjọ́ kan ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ dìde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, tí NCC ní kí wọ́n ti síìmù tí kò bá ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, pa láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, NIN di orin lẹ́nu gbogbo ayé, tí èrò sì ń tò láti àfẹ̀mọ́júmọ́ níwájú ọ́fíìsì. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 2021, tí WhatsApp, Facebook àti Instagram daṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, inú Google ni àwọn ènìyàn sá lọ láti béèrè bóyá fóònù àwọn nìkan ni.

Google fúnra rẹ̀ ti jẹ nínú iyán yìí rí. Ní ọdún 2008 ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fi ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá sọ iye àwọn tí ọ̀fìnkìn líle, tí wọ́n ń pè ní fúlúù, ń bá jà. Ó ṣe dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní òtútù 2012 wọ 2013, iye tí ó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí àwọn dókítà rí, wọ́n sì pa á tì ní 2015. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ohun tí ó wà níwájú báyìí ni pé àwọn abèèrè ń ṣí kúrò. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, àti láti 2024 tí Meta ti fi ẹ̀rọ aládàáfèsì tirẹ̀ sínú WhatsApp ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí ọmọ ilé-ìwé ìbá tẹ̀ sínú Google ni ó ń tẹ̀ síbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń wọ TikTok láti wo bí a ti ń tún fóònù tí ó wọ omi ṣe. Ìkankan nínú wọn kì í dé inú àkọsílẹ̀ Google Trends. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìlà ọ̀rọ̀ fóònù kan tí ó ń wọlẹ̀ láti 2023 wá síwájú yín, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà ni ọjà rẹ̀ kú, tàbí ibòmíràn ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀.